Jíìpù wo ló dáa fún àwọn sójà àti ẹ̀ṣọ́ tó ń wọ igbó wa? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́Wa
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa níbí ní Iléṣà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, a ti dáwó jọ láti ra ọkọ̀ kan fún àwọn tó ń ṣọ́ igbó wa, ìyẹn àwọn Àmọ̀tẹ́kùn àtàwọn ọdẹ, àti àwọn sójà tó máa ń bá wọn jáde nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Ọ̀nà oko kòkó ni wọ́n ń gbà jù, láti ẹ̀yìn Ifẹ̀wàrà bọ́ sí Itagunmodi tó fi dé apá Iperindo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀ mọ bó ṣe máa ń rí tí òjò bá ti dé. Bọ́ọ̀sì lásán ni wọ́n ń lò báyìí, ibi tí ọ̀dà bá ti tán ni wọ́n ti ń bọ́ọ́lẹ̀ fẹsẹ̀ rìn, kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti pè wọ́n, àwọn oníṣẹ́ ibi ti lọ.

Ní ìpàdé wa, ẹnu ò kò. Àwọn kan ní Hilux, àwọn kan ní Land Rover ayé ijọ́un nìkan ló lè ṣe é, ọmọ wa kan ní Amẹ́ríkà ní òun lè bá wa ra Humvee níbi tí wọ́n ti ń lu àwọn tí sójà wọn lò kù ní gbàǹjo. Owó ọlọ́wọ́ ni o, owó opó wà níbẹ̀, a ò gbọdọ̀ fi ra ohun tó máa dúró sẹ́yìn gbọ̀ngàn ìlú tí ewúrẹ́ á máa sùn sábẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ ológun, ẹ sọ̀rọ̀.

Bàbá_NAEME
Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, akọ̀wé. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n NAEME ni mo wà nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ìyẹn àwa tá à ń tún ọkọ̀ àti ìbọn ṣe, torí náà láti abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti mọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ má fi orúkọ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Èèyàn mélòó ló máa gbé, ẹrù wo ni wọ́n máa dì, ilẹ̀ wo ló máa tẹ̀, báwo ló ṣe máa jìnnà sí epo àti mẹ́káníìkì tó, tó bá rì lóru ta ló máa fà á jáde. Ẹ dáhùn ìyẹn ná. Tẹ́ ẹ bá dáhùn ẹ̀ tán, ọkọ̀ tí yóò kù ò ní ju méjì mẹ́ta lọ.

Ẹ wo jíìpù àkọ́kọ́ gan-an. Ní 1940, àwọn ológun Amẹ́ríkà ké sí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ pé àwọn ń fẹ́ ọkọ̀ kékeré tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa wà á, Bantam ló kọ́kọ́ gbé tiẹ̀ dé, lẹ́yìn náà ni Willys àti Ford wá ń ṣe é lọ rẹpẹtẹ, ó lé ní 600,000 kí ogun tó parí. Agbára ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ju ti ẹṣin 60 lọ, Corolla tó wà nígboro lónìí ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ohun tó fi yege ni pé ó fúyẹ́, tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀ ló wọ̀n, tó bá há sínú ẹrẹ̀ àwọn sójà tó wà nínú ẹ̀ á bọ́ọ́lẹ̀, wọ́n á tì í, wọ́n á gbé ìdí ẹ̀, ó ti jáde nìyẹn. Nínú ilẹ̀ rírọ̀, ìwúwo ọkọ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́, mi ò tíì rí ẹ́ńjìnnì tó lágbára débi tó fi borí ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bá yín fọwọ́ sí Humvee. Ọkọ̀ gidi ni fún iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, 1985 ló bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sọ́wọ́ sójà Amẹ́ríkà, abẹ́ ẹ̀ ga kúrò nílẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 40, kò wọ́pọ̀ kí kùkùté tó o. Àmọ́ ó fẹ̀ ju mítà méjì lọ, ẹ lọ fi teepu wọn ọ̀nà oko yín kẹ́ ẹ tó tún dárúkọ ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé Iraq tí bọ́ǹbù ojú ọ̀nà ń pa wọ́n, wọ́n fi irin tí ọta ò lè wọ̀ bò ó, ìwúwo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, jíà àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó fúyẹ́ wá ń jìyà ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ìjọba Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ wọn, tó bá sì délé tán, tó bá nílò páàtì, ẹ máa wá a tì ní Ládípọ̀, ọjà páàtì ọkọ̀ l'Ékòó.

ÌyáOníKòkó
Ẹ kú àmọ̀ràn o. Ẹ jẹ́ n sọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, torí oko wa wà níbẹ̀, mo ń gbà á láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ. Ojú táyà méjì ló wà lọ́nà yẹn, koríko wà láàárín, kùkùté wà nínú koríko yẹn tí awakọ̀ ò ní rí, òun ló máa ń la ikùn ọkọ̀, òun ló la ikùn ọkọ̀ tó ń wá kó kòkó wa lọ́dún tó kọjá tí ọ́ìlì fi dà sílẹ̀ tán. Tẹ́ ẹ bá wá sún mọ́ apá ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ débi pé etí ọ̀nà ti di kòtò tí omi kún, tí ọkọ̀ kan bá fẹ́ yà fún èkejì ó lè wọ inú ẹ̀. Àwọn odò kéékèèké ibẹ̀, igi ọ̀pẹ ni wọ́n gbé lé àwọn kan lórí, ojú táyà ọ̀tún ní igi tiẹ̀, ojú táyà òsì ní tiẹ̀, àárín ò ní nǹkan kan. Awakọ̀ ní láti mọ ibi tí táyà òun wà, ọkọ̀ tó bá sì wúwo jù á ṣẹ́ igi yẹn, gbogbo àwa tó ku ẹ̀yìn la máa jìyà ẹ̀.

Ilẹ̀ ibẹ̀, amọ̀ pupa ni, kì í ṣe yanrìn. Tí òjò bá rọ̀, ó ń yọ̀, ó sì tún ń lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà á fi dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ mọ ọkọ̀, èwo ló lè gba ibẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹwàá? Torí ìgbà yẹn gan-an ni kòkó ń pọ́n, ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń wọlé wá jí i, tí wọ́n sì ń gbé èèyàn.

Òṣómàáló_Leeds
Ẹ kú ilé o, mọ̀mí, Ọlọ́run á máa ṣọ́ oko yín. Èmi ò ní fi Land Rover Defender sílẹ̀ o. Láti 1948 ni Land Rover ti wà, irin ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun ni wọ́n fi fi alumíníọ̀mù ṣe ara ẹ̀, ara ẹ̀ ò sì ń dípẹtà. Àwọn ológun wa náà lò ó nígbà ogun abẹ́lé, ẹ bi àwọn bàbá tó lọ sójú ogun. Kò fẹ̀ tó Hilux, iwájú ẹ̀ kò gùn síta, ó lè dojú kọ òkè láìjẹ́ pé bọ́ńpà kọ́kọ́ gbá ilẹ̀, sípánà lásán lẹ lè fi tú u. Wọ́n ṣíwọ́ ṣíṣe ti àtijọ́ yẹn ní oṣù kìíní 2016, ti tuntun tí wọ́n ń ṣe báyìí kọ̀ǹpútà ló kún inú ẹ̀, ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Ti àtijọ́ pọ̀ níbí tí àwọn àgbẹ̀ ń tà, mo lè bá yín wò ó.

Mẹ́káníìkì_Ìsọ̀kún
Ẹ̀gbọ́n wa ní Leeds, mo kí yín o, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ò gbàgbé ilé. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa Defender, òótọ́ ni. Àmọ́ alumíníọ̀mù ni ara, irin ni ṣásí ẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n sì ń dà sójú títì yín nígbà òtútù ń jẹ ṣásí yẹn láti inú, ẹ máa wo ìta ẹ̀ tó mọ́lẹ̀ kedere, ẹ máa fi hámà gbá a, hámà á wọlé. Èkejì, tí síìlì kan bá já níbí, ta ló ní in? Tí Hilux bá kọṣẹ́ lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́, mo máa fóònù àwọn èèyàn mi ní Gate n'Ìbàdàn, bọ́ọ̀sì àárọ̀ á gbé páàtì yẹn dé, ọ̀sán ò ní tíì pọ́n tí ọkọ̀ á ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ti Land Rover, a máa dúró de Leeds ni. Àwọn tó ń ṣọ́ wa ò lè máa dúró.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti ẹ́ńjìnnì torí ibẹ̀ ni owó máa ń bá lọ. Hilux tó pọ̀ jù nílẹ̀ wa ni 2.7 tó ń mu pẹtiróòlù, 2TR là ń pè é. Kì í sáré lọ títí, ó sì ń mu epo jù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lè tú u kó tò ó, tí epo bá sì tán nínú oko, epo tí wọ́n ń rọ sínú ọ̀kadà náà lẹ máa rọ sínú ẹ̀. Dísù lágbára jù nínú ẹrẹ̀, ìyẹn ò ṣe é jiyàn, ó ń fa ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ iná púpọ̀. Àmọ́ àwọn D-4D, ìyẹn ẹ́ńjìnnì dísù Toyota òde òní, ìnjẹ́kítọ̀ wọn ò fẹ́ ìdọ̀tí rárá, bí omi díẹ̀ bá wà nínú dísù tí wọ́n bù látinú dúrọ́ọ̀mù, ẹ ti pàdánù ìnjẹ́kítọ̀ mẹ́rin nìyẹn, owó ẹ̀ á mú yín sọkún. Tó bá jẹ́ dísù lẹ máa rà, Land Cruiser 79 tó ní ẹ́ńjìnnì 1HZ ni mo fọwọ́ sí, 4.2, sílíńdà mẹ́fà, kò ní turbo, pọ́ǹpù ẹ̀ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kankan. Láti 1984 ni ìran Land Cruiser 70 tí ọkọ̀ yẹn wà nínú ẹ̀ ti jáde tí wọ́n ò sì yí i padà púpọ̀, òun làwọn UN ń gùn káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Owó ẹ̀ ló le.

Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn èèyàn ń ra ohun tí wọ́n ò mọ̀. Pickup àti 4Runner tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń wà á, àwòrán lásán ló fi jọ four-wheel. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ iwájú, tẹ́ ẹ ò bá rí díífù níwájú àti ọ̀pá tó ti àárín lọ bá a, ẹ dìde ẹ máa lọ. Tacoma àtijọ́ náà, Toyota fúnra wọn ní láti pààrọ̀ ṣásí ọ̀pọ̀ nínú wọn torí ìpẹtà. Highlander àti Lexus RX tí àwọn èèyàn ń pè ní jíìpù, ti ìgboro ni wọ́n, ẹ má gbé wọn wọ Itagunmodi.

Ẹńjiníà_Ifẹ̀
Ọ̀gá mẹ́káníìkì ti sọ̀rọ̀ gidi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, mo fẹ́ ṣàlàyé four-wheel díẹ̀ torí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ní in tí wọn ò mọ̀ ọ́n lò. Díífù, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jẹ́ kí táyà méjì lè yí níyàtọ̀ tí ọkọ̀ bá ń kọ́nà, ṣùgbọ́n nínú ẹrẹ̀, táyà tí kò rí nǹkan tẹ̀ ló ń kó agbára fún, èyí tó wà nílẹ̀ líle á dúró gbagidi. Tí táyà kan níwájú àti kan lẹ́yìn bá jọ wà lófuurufú, four-wheel yín ti di òfo. Ohun tó ń gbani níbẹ̀ ni lock, bọ́tìnnì kan ni, ẹ tẹ̀ ẹ́, táyà ẹ̀yìn méjèèjì á di ọ̀kan. Àwọn Hilux kan ní in, àwọn kan ò ní, ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Tẹ́ ẹ bá ti jáde nínú ẹrẹ̀, ẹ yọ ọ́.

L4 ni jíà tó lọ́ra tó lágbára. Ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá ti rí ìdàgẹ̀rẹ́ tó ń yọ̀, irú èyí tó wà lápá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ dúró, ẹ gbé e sí L4, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ á di ọkọ̀ mú bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ torí tí táyà bá ti dúró lórí amọ̀, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ síbi tó wù ú. L4 yìí àti H4, ìyẹn four-wheel tí kò lọ́ra bíi tiẹ̀, ẹ má lò wọ́n lórí ọ̀dà gbígbẹ. Ní kọ́nà, ọ̀nà tí táyà iwájú rìn gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, nínú ẹrẹ̀ táyà á yọ̀ díẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn á tán, lórí ọ̀dà kò ríbi lọ, inú jíà ló ń kó sí títí nǹkan kan á fi ṣẹ́. Ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ń bà jẹ́ báyẹn láàárín Òṣogbo sí Iléṣà.

Ẹ yọ àtẹ̀gùn tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, òun ló kọ́kọ́ máa ń gbá ilẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, torí kùkùté tí mọ̀mí sọ yẹn.

ỌmọẸ̀ṣọ́
Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ pé ẹ ń rò wá ire. Mo wà lára àwọn tó máa gun ọkọ̀ yìí. Láti ìgbà tí àwọn gómìnà ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 2020, Hilux àti alùpùpù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wa ti mọ́ ọn. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí sílẹ̀. Nínú jíìpù tó padé, èèyàn márùn-ún á máa ti ara wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n bá da ìbọn bò wá. Nínú pickup, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà jó bẹ́ńṣì gígùn kan sí àárín, kí á kẹ̀yìn síra wa, kí ojú àwọn tọ̀tún kọ igbó ọ̀tún, kí ti òsì kọ igbó òsì, báwọn sójà ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹsẹ̀ kan ni èèyàn á fi bọ́ọ́lẹ̀. Kí irin ìdìmú wà, àmọ́ kó má ga, torí tí gbogbo wa bá dìde dúró lẹ́yìn, ọkọ̀ á fẹ́ dojú dé ní kọ́nà.

Ẹ tún bá wa ronú lórí alùpùpù méjì. Ibi tí ọ̀nà ti di ti ẹlẹ́sẹ̀, pickup ò lè dé ibẹ̀, bó ti wù kó dáa tó. Àwọn sójà fúnra wọn ń lò ó ní àríwá ìlà oòrùn. Iná náà o: a ń fẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn, a sì tún ń fẹ́ súwíìṣì tó lè pa gbogbo iná, títí kan iná búréèkì, nígbà tí a bá ń yọ́ súnmọ́ ibì kan lóru. Ọkọ̀ ológun máa ń ní in. Tá a bá padà sórí títì, a ó tàn án.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́Wa
Ọlọ́run á máa dáàbò bò yín, ọmọ mi. Ẹ ṣeun gbogbo yín. Àwọn àgbà kan nínú wa ń tẹnu mọ́ ọn pé àfi kí ọkọ̀ náà jẹ́ èyí tí ọta ò lè wọ̀. Ẹnìkan tún fi àwòrán ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Pinzgauer ránṣẹ́, ó ní àwọn ológun wa gùn ún rí. Bàbá NAEME, kí lẹ wí?

Bàbá_NAEME
Pinzgauer, mo fọwọ́ kàn án, mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ Austria ni, 1971 ló jáde, díífù ẹ̀ ò sí nísàlẹ̀ níbi tí ti àwọn ọkọ̀ yòókù wà, jíà kékeré wà ní ẹnu táyà kọ̀ọ̀kan tó gbé gbogbo abẹ́ ọkọ̀ sókè. Ó lè gba ibi tí èèyàn ò rò. Steyr tó ṣe é ní ilé iṣẹ́ ní Bauchi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ńlá nígbà náà. Ṣùgbọ́n lónìí, tí nǹkan kan bá bàjẹ́ nínú jíà ẹnu táyà yẹn, ọkọ̀ á dúró síbẹ̀. Ohun tí ọ̀gá mẹ́káníìkì sọ ni mo tún ń sọ.

Ti ọta, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹ ò lè déédéé ra ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwé àṣẹ ń bọ̀ láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò. Wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ wa náà, Proforce ní ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe èyí tí wọ́n sọ ní Ara, àwọn ológun ń lò ó, ṣùgbọ́n fún ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ri bọ́ǹbù mọ́lẹ̀ ni, igi ọ̀pẹ tí ìyá sọ yẹn ò ní gbà á. Ẹ mú lára owó yẹn, ẹ ra aṣọ ìdáàbòbò tó ní irin pẹlẹbẹ gidi fún àwọn ọmọ yẹn nípasẹ̀ àwọn aláṣẹ wọn. Èèyàn ni kẹ́ ẹ bò, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fúyẹ́ kó lè sá.

Ní 1987, àwọn ọmọ ogun Chad gun Toyota pickup lé àwọn ológun Libya tó ní ọkọ̀ ìjà onírin rẹpẹtẹ, wọ́n sì lé wọn jáde ní Fada àti Ouadi Doum, àwọn èèyàn ń pè é ní ogun Toyota títí dòní. Ìyára ni wọ́n fi ṣe é, àti pé wọ́n mọ ilẹ̀ wọn. Aṣálẹ̀ gbalasa ni tiwọn, igbó ni tiwa, ẹ ò lè sáré báyẹn láàárín igi kòkó, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó fúyẹ́ tí páàtì ẹ̀ wà níbi gbogbo ni wọ́n lò. Innoson ní Nnewi náà ń ṣe pickup, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí yín, ẹ wò ó.

Ẹ ṣírò ẹrù náà o. Èèyàn mẹ́jọ pẹ̀lú ìbọn, omi àti aṣọ ìdáàbòbò, ẹ fi kílò 90 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 720 nìyẹn, ẹ ò tíì gbé jẹ́ríkàn epo, táyà àti irin bẹ́ńṣì lé e. Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún nìyẹn. Kí wọ́n fi ewé sípíríìngì kan kún ti ẹ̀yìn, kí wọ́n sì má gbé ju mẹ́jọ lọ.

Fọ́gánáísà_Lágéré
Gbogbo yín ò tíì sọ irú táyà tí wọ́n máa wọ̀ fún un. Ọkọ̀ tó dáa jù láyé, tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́ ní táyà tó ń sáré lórí ọ̀dà, amọ̀ Ìjẹ̀ṣà á mú un mọ́lẹ̀. Ẹ ra èyí tí eyín ẹ̀ ga tó sì jìnnà síra kí amọ̀ lè máa ta jáde láàárín ẹ̀ bó ṣe ń yí, mud-terrain là ń pè é. Ó ń pariwo lórí títì, ó sì ń tètè jẹ, ẹ fara mọ́ ọn. Márùn-ún tó dọ́gba ni kẹ́ ẹ rà, mẹ́fà tí agbára bá wà, ẹ má fi ńlá kan kékeré kan pọ̀ torí four-wheel á máa bá ara ẹ̀ jà nínú. Ẹ má ra táyà tòkunbọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Lára táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT: tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ wọ ẹrẹ̀, ẹ yọ afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù. Èyí tó wà ní psi 35 lórí títì, ẹ mú un wá sí psi 20, ẹ máa rí i tó tẹ́ sílẹ̀, ó di ilẹ̀ mú dáadáa. Ẹ má sáré, ẹ má yí sitiárì lójijì kó má bàa bọ́ lára ríìmù. Tẹ́ ẹ bá padà dé orí ọ̀dà, ẹ fẹ́ ẹ padà kíákíá, torí táyà tó rọ̀ tó ń sáré á gbóná, á bẹ́. Pọ́ǹpù kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ wà, ẹ rà á, kó máa gbé inú ọkọ̀.

ÌyáOníKòkó
Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ti odò ńkọ́? Àwọn kan ò ní afárá rárá, omi ń bọ́ sínú ọkọ̀.

Ẹńjiníà_Ifẹ̀
Mọ̀mí, kí ẹnìkan kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀pá, kó mọ bó ṣe jìn àti bóyá ìsàlẹ̀ ẹ̀ le. Tó bá kọjá àárín táyà, kí wọ́n ronú dáadáa. Tí omi bá ń ṣàn tó ń ti ẹsẹ̀ èèyàn, kí wọ́n padà, ọkọ̀ á léfòó. Kí wọ́n wọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ ní L4, kí wọ́n má yí jíà láàárín omi. Ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ni kí omi má dé, torí omi ò ṣe é tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú sílíńdà, ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì á tẹ̀. Wọ́n lè fi páìpù gbé ihò yẹn dé òrùlé ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá kú sínú omi, ẹ má sítáàtì rẹ̀, ẹ fà á jáde ná, kí mẹ́káníìkì tú púlọ́ọ̀gì wò.

Bàbá_NAEME
Lórí fífà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ gbọ́ èyí dáadáa. Ìkọ́ roboto tí wọ́n fi ń fa tírélà lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ má so okùn mọ́ ọn láti fa ọkọ̀ tó rì. Ó lè já, á fò wá bí ọta ìbọn, ó ti pa èèyàn lóríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ìkọ́ tí wọ́n jó mọ́ ṣásí ni kẹ́ ẹ lò, kí ẹnikẹ́ni má dúró nítòsí okùn nígbà tó bá ń le, kẹ́ ẹ sì ju àpò tàbí aṣọ tó wúwo lé okùn náà láàárín. Ṣọ́bìrì méjì, pákó líle méjì tó lè wọ abẹ́ táyà, jáàkì gíga, àdá, ayùn ńlá fún igi tó bá wó dí ọ̀nà. Tí owó bá ṣẹ́kù, wínṣì níwájú, òun lè fi okùn irin fa ara ẹ̀ jáde tí igi tó dúró bá wà, igi sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́Wa
Ó dáa. A ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí han ìgbìmọ̀, ọ̀pọ̀ ti gbà pé Hilux 2.7 tó ní lock lẹ́yìn ni, pẹ̀lú alùpùpù méjì, kí ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà sì wà nílẹ̀ fún táyà, bẹ́ńṣì, irin abẹ́ ọkọ̀ àti sáfíìsì. A ti rí tòkunbọ̀ kan n'Ìbàdàn. Ọ̀gá mẹ́káníìkì, kí la máa wò?

Mẹ́káníìkì_Ìsọ̀kún
Ẹ lọ láàárọ̀ kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó bá ti gbóná wọ́n ti ń pa nǹkan kan mọ́. Ẹ mú hámà kékeré, ẹ gbá ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá lókè táyà ẹ̀yìn, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀: irin gidi ń dún gbangan, èyí tí ìpẹtà ti jẹ ń dún kókó. Ẹ ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì díífù, kẹ́ ẹ ki ìka bọ̀ ọ́: ọ́ìlì tó bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́, ọkọ̀ yẹn ti lúwẹ̀ẹ́ níbì kan rí. Rọ́bà tó bo ọ̀pá táyà iwájú, tó bá ti ya, iyanrìn ti wọlé. Ẹ wá wà á lọ síbi ilẹ̀ lásán, ẹ gbé e sí H4, ẹ gbé e sí L4, ẹ tẹ lock, kí iná kọ̀ọ̀kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì yí kọ́nà kékeré nínú H4, tí sitiárì ò bá le díẹ̀, a jẹ́ pé four-wheel yẹn ò wọlé rárá. Nọ́ńbà ṣásí gbọ́dọ̀ bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, lẹ́tà kan ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Ẹ má san kọ́bọ̀ kankan kẹ́ ẹ tó pè mí, akọ̀wé. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, mo máa bá yín lọ, mi ò ní gba owó iṣẹ́, ẹ kàn bá mi wá ẹni tó máa dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Kí ọmọẹ̀ṣọ́ tó máa wà á náà bá wa lọ, kó jókòó síbẹ̀ kó wà á kó tó dọwọ́ wọn.

ỌmọẸ̀ṣọ́
Mo ti gbọ́ sà. Awakọ̀ wa méjèèjì ló máa bá yín lọ.